Bí Bàbá Prewitt Ṣe Sàmì sí Ilé Ìwé

Ọjọ́ tí Bàbá Alvah Prewitt fi irin gbígbóná sàmì sára ilé ìwé ni gbogbo ìpínlẹ̀ Wyoming l'Amẹ́ríkà tó mọ̀ pé ìlú kan ń jẹ́ Dry Willow.

Bàbá ló tẹ ìlú wa dó. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí àwa mọ̀ ni pé ẹsẹ̀ ọkọ̀ ẹrù rẹ̀ kán níbẹ̀, àwọn màlúù rẹ̀ rí omi, wọ́n sì kọ̀, wọn ò lọ mọ́.

Òfin pápá ni pé ọmọ màlúù tí kò bá lámì, ẹni tó bá kọ́kọ́ sàmì sí i ló ni ín. Bàbá gba òfin yìí gbọ́ ju Bíbélì lọ. Ó sàmì sí gàárì, ó sàmì sí àga rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyàwó rẹ̀ ní ojú kan lòun fi ń sùn.

Àfi bí àwọn ará Kettle Fork, ìlú tó múlé gbè wá, ṣe gbàṣẹ ìjọba láti fi màlúù wọ́ ilé ìwé wa lọ sọ́dọ̀ wọn. Ilé pákó ni, ó ṣeé wọ́. Bó bá sì lọ, àwọn ọlọ́mọ á tẹ̀ lé e, ìlú tán nìyẹn. A ṣèpàdé. A sọ̀rọ̀ gidi. A ò ṣe nǹkan kan.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, èéfín rú nílé ìwé.

"Bàbá, ẹ ń jó ilé ìwé!" Mísì Tuttle, tíṣà wa, ló ń pariwo.

"Fara balẹ̀, ọmọ mi. Àmì kì í pa màlúù."

Haggerty, ọ̀gá àwọn ará Kettle Fork, dé tòun ti màlúù méjìdínlógún àti ẹ̀wọ̀n tó fẹ́ fi wọ́ ilé.

"Bàbá, ilé lèyí o, kì í ṣe màlúù!"

"Ṣé ó lámì tẹ́lẹ̀?"

"Rárá, àmọ́..."

"Ta ló kọ́kọ́ sàmì sí i?"

"Ẹ̀yin ni, àmọ́..."

"Ó dáa, máa wọ́ ọ lọ. Kó o lọ ṣàlàyé fún gbogbo ọlọ́sìn pé o wọ́ ohun tí àmì ẹlòmíì wà lára ẹ̀."

Lọ́dọ̀ wa, wọ́n lè dárí ji apààyàn. Olè màlúù, orí igi ni wọ́n ń so ó kọ́ sí. Haggerty kó ẹ̀wọ̀n rẹ̀, ó lọ sílé.

Ọdún mẹ́sàn-án ni Bàbá fi ìtàn yẹn dà wá láàmú. Lẹ́nu rẹ̀, màlúù Haggerty kúrò ní méjìdínlógún, ó di ọgọ́rin.

Lọ́jọ́ tá a sin Bàbá, a kóra jọ sílé ìwé, ibẹ̀ ni Mísì Tuttle ti sọ fún wa pé Bàbá ò mọ̀wé kà tẹ́lẹ̀. Bí àwọn ọmọ bá ti lọ tán, á wá jókòó sórí àga kékeré, òun àti tíṣà á jọ máa kàwé. "Ó ní n má sọ fún yín, ẹ máa fi òun ṣe yẹ̀yẹ́."

À bá sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ká sòótọ́.

"Ibo ló kà á dé?" la bi í.

"Ó ku ojú ewé méjì kó parí ìwé kejì."

Àwa àgbààgbà jókòó sórí àga ọmọdé, a sunkún, ojú ò tì wá.