Wọn Ò Pe Ìyá Fàúsátù

Tàwàkálítù Adéníran kú láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn kan tí wọ́n sáré gbé e lọ ní Ìbà nígbà tí ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ikọ́ ife ló pa á. Àrùn tí ìjọba ń fún èèyàn lóògùn rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, tí àyẹ̀wò sì ti fi hàn tipẹ́ pé ó wà lára rẹ̀, ṣé irú ìyẹn náà la tún fẹ́ pè ní àmúwá Ọlọ́run?

Ẹni tó bá ń ra gílóòbù létí títì ní Alaba mọ̀ ọ́n, bí kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Ìyá Fàúsátù ni gbogbo wa ń pè é. Kì í jẹ́ kéèyàn gbé gílóòbù lọ láìtàn án wò. Mo ní mò ń kánjú lọ́jọ́ kan, ó fẹjú mọ́ mi: "Ọ̀gá oníwèé ìròyìn, ẹ fara balẹ̀ jàre. Tó bá délé tí ò tàn, èmi náà lẹ máa wá bú." Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ràn ẹ̀rín yẹn, kí ikọ́ tó gbà á lẹ́nu rẹ̀.

Ikọ́ ọ̀hún ló gbé e dé abẹ́ kánópì tí àwọn elétò ìlera pa sí Ìyànà Ìbà. Wọ́n bi í léèrè orúkọ, ó ní Ìyá Fàúsátù, wọ́n sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ta ló ń dárúkọ abiyamọ gàn-án lójú rẹ̀ ládùúgbò wa? Ìyá ọkọ rẹ̀ pàápàá kì í dán an wò. Àwọn tó gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò ní tiwọn béèrè káàdì ìdánimọ̀, wọ́n kọ Tàwàkálítù Adéníran. Apá méjèèjì gba nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn wá sọ fún un pé, "Mà, tẹ́ ò bá gbọ́ ìpè wa, kò sí nǹkan kan tó ń ṣe yín o."

Ó dúró títí, ẹnì kankan ò pè. Ó dín àkàrà, ó fi ṣe sàárà fún gbogbo ilé. Nígbà tí Ìsmáílà ọkọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó padà lọ, ó ní, "Bàbá Fàúsátù, ṣẹ́ ẹ wá mọ̀ ju dókítà lọ ni? Wọn ò pè mí, àlùbáríkà ni." Ó ń wúkọ́, ó ń rù, òun àtọmọ rẹ̀ sì jọ ń sùn lórí ẹní kan náà. Ó gbà wọ́n gbọ́ pátápátá, ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn.

Lẹ́yìn ìsìnkú, èmi àti Ìsmáílà lọ sí ọ́fíìsì àwọn elétò ìlera ọ̀hún. Wálé, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ nídìí kọ̀ǹpútà, ṣí àtẹ méjì hàn wá: ti àwọn tó forúkọ sílẹ̀, àti ti èsì àyẹ̀wò. Kọ̀ǹpútà ló ń so ọ̀kan mọ́ èkejì, ẹni tó bá rí so ni wọ́n ń pè.

"Bàbá, ẹ má bínú, orúkọ wọn ò bára mu ni sà," ni Wálé wí.

Ìsmáílà na ìka. "Nọ́ńbà wo lèyí?"

"Nọ́ńbà fóònù wọn ni sà."

"Eléyìí tó wà lápá ọ̀hún ńkọ́?"

Wálé wò ó, ó tún un wò. Nọ́ńbà kan náà ni. "Orúkọ nìkan ni wọ́n ní ká fi wò ó, sà."

Mo bi í pé ibo làwọn tí orúkọ wọn ò bára mu wọlẹ̀ sí. Ó ní, "Wọn kì í jáde sà. Ṣe ló máa ń fò wọ́n."

Ọ̀gá rẹ̀ obìnrin tún fi ìwé àbọ̀ iṣẹ́ wọn han wá, tìdùnnútìdùnnú: gbogbo ẹni tí orúkọ rẹ̀ bára mu ni wọ́n ti pè, kò ku ẹyọ kan! Ẹ ò rí nǹkan? Ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ àlejò síta, ẹ wá ń yangàn pé gbogbo ẹni tó wọlé ló yó.

Kẹ́nikẹ́ni má di ẹ̀bi ru kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló jẹ́. Ẹni tó ní kí wọ́n fi orúkọ nìkan wá èèyàn ní ìlú tí wọ́n ti ń forúkọ ọmọ pe ìyá, tí kò sì béèrè àwọn tó ṣẹ́kù, òun ló da Tàwàkálítù. Kí ni wọ́n ń pe ìyá tirẹ̀ náà ládùúgbò? Mo fẹ́ mọ ẹni tó buwọ́ lu ìwé àbọ̀ yẹn. Mo fẹ́ kí wọ́n ṣí àtẹ méjèèjì padà, kí wọ́n fi nọ́ńbà fóònù wá gbogbo àwọn tí wọ́n fò, kí wọ́n pè wọ́n lónìí. Àwọn kan nínú wọn ṣì wà láàyè.

Fàúsátù ti bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Bàbá rẹ̀ mú un lọ sí ọ́fíìsì ọ̀hún láàárọ̀ yìí, wọ́n gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n máa lọ sílé, pé àwọn yóò pè. Ìsmáílà ní òun ò lọ. Òun àtọmọ ṣì wà lórí bẹ́ǹṣì wọn bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ jáde sí i, kẹ́ ẹ wá dá a lóhùn.