Ẹ̀rọ Ẹ̀gẹ́ Tí Gbogbo Ọjà Súre Sí

Tọ́rọ́ ni ife iyọ̀ kan ní Ọ̀wọ̀ lọ́dún tí mo fi kẹ̀kẹ́ ọkọ mi tó ti bàjẹ́ ṣe ẹ̀rọ tí ń rin ẹ̀gẹ́. Ẹni tó bá ń fẹsẹ̀ wà á yóò ti rin agbọ̀n mẹ́ta kí ẹni tó ń fọwọ́ rin tó bó ìka ara rẹ̀ tán.

Mo gbọ́ pé ìjọba ń fún ẹni tó bá dá irú nǹkan báyìí ní ìwé, tí ẹlòmíràn kò fi ní lè ṣe é tà. Mo fi iyùn tí ìyá mi fi sílẹ̀ dógò, mo wọ lọ́rì lọ bá lọ́yà ní Àkúrẹ́.

Ó gba owó rẹ̀ tán kó tó béèrè pé, “Ìyá, ta ló ti rí ẹ̀rọ yìí?”

Mo fọ́nnu. “Ta ni kò tíì rí i? Àwọn àgbà ọjà ló súre sí i!” Bẹ́ẹ̀ là ń ṣe nílé wa, ẹni tó bá dá nǹkan tuntun tó fi pamọ́, àjẹ́ ni wọn ó pè é. Alágbẹ̀dẹ kan láti Uso tilẹ̀ fi okùn wọn ẹ̀rọ náà níṣojú mi, mo sì fún un lómi mu.

Lọ́yà bọ́ awò ojú rẹ̀. “Ẹ ti bà á jẹ́, Ìyá. Ohun tí gbogbo ayé ti rí, ìwé kò sí fún un mọ́.”

“Ṣé kí n lọ dá àdúrà wọn padà ni?”

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò dá owó mi padà. Nígbà tí mo délé, alágbẹ̀dẹ ti ń ta tirẹ̀ níwájú ìsọ̀ mi. “Ẹ kú oríire, ìyá wa,” ló kí mi.

N kò rówó gba iyùn náà mọ́. Pọ́n-ùn mọ́kànlá àti ṣílè mẹ́jọ ni mo gbà lórí rẹ̀.