Nígbà Tí Mo Sọ Oko Di Ọkọ

Mo rántí ìgbà tí òórùn ike gbígbóná kò tíì kúrò lára aṣọ mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti fi ilé iṣẹ́ ike tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ní Ọ̀tà sílẹ̀ láti oṣù méjì. Ìkìrun ni mo ti wá, ọ̀dọ̀ àǹtí mi ni mo ń gbé. Inú rẹ̀ kò dùn rárá pé mo fiṣẹ́ sílẹ̀, tí mo lọ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe wẹ́bùsáìtì ní yàrá kan lẹ́bàá Toll Gate ní Ṣàngó. Ó ní bí kò bá bọ́ sí i, kí n rántí pé ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ náà ṣì wà níbẹ̀.

Olùkọ́ wa, obìnrin jẹ́jẹ́ kan, ló fi hàn wá pé èèyàn lè lẹ irinṣẹ́ kéékèèké mọ́ búráúsà tí a fi ń wo íńtánẹ́ẹ̀tì. Méjì ló wù mí jù. Èkíní ń túmọ̀ èdè: o tọ́ka sí ọ̀rọ̀ kan, ìtumọ̀ rẹ̀ á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èkejì ń tú inú ojú ewé síta bí ìgbà tí télọ̀ bá tú aṣọ, kí o lè rí ibi tí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan wà nínú kóòdù. Olùkọ́ ní kí n dì mọ́ èkejì, torí òun niṣẹ́ mi. Ṣùgbọ́n èmi ọlọ́gbọ́n lójú ara mi, èkíní ni mo gbà pé ó jù. Ta ló tún ń kọ́ èdè nígbà tí ẹ̀rọ ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán?

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo rí jẹ́ ti ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń ṣe gaàrí ní Alápòtì. Wọ́n fẹ́ kí àwọn oníbàárà Kútọnu lè kà nípa wọn ní èdè Faransé. Mo kọ ọ̀rọ̀ wọn ní Yorùbá láìfi àmì kankan sí i, mo tẹ irinṣẹ́ mi, Faransé jáde wẹ́rẹ́. N kò mọ ẹyọ kan níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó rẹwà lójú. Mo gbé e síta. Àǹtí mi pàápàá wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ní ọjọ́ kẹta, ìyá alága ẹgbẹ́ náà pè mí.

"Ọmọ mi, ọkọ mélòó lo ní ká máa tà?"

"Ọkọ kẹ̀, mà?"

"Oníbàárà wa kan ló kà á fún mi. Ó ní o kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọkọ wa pọ̀ ní Alápòtì, pé wọ́n tutù yọ̀yọ̀, kí àwọn èèyàn wá wò wọ́n."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Oko ni mo ní lọ́kàn. Irinṣẹ́ náà kò rí àmì, ó bá sọ ọ́ di ọkọ. Ojú tì mí débi pé mo ní kí wọ́n wá ẹlòmíràn. Mo ti ń rí ara mi ní ilé iṣẹ́ ike. Ìyá náà kọ̀ jálẹ̀.

"Bọ́mọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bágbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Wá sí Alápòtì lọ́la, kí o wá wo ẹ̀yìn. Oníbàárà náà ń bọ̀."

Obìnrin Ègùn ni oníbàárà yìí, ó gbọ́ Yorùbá, ó gbọ́ Faransé. A jókòó lórí àpótí nítòsí ibi tí wọ́n ti ń yan gaàrí, èéfín ń ta wá lójú. Ó ń ka gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, lẹ́yìn náà á sọ bí àwọn ṣe ń wí i fún mi. Irinṣẹ́ kejì ni mo fi ń wá ibi tí ọ̀rọ̀ náà wà, mo ń tún un ṣe níṣojú rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó fi àwọn méjèèjì wéra dáadáa. Èkejì ń fi ohun tí mo kọ hàn mí gan-an, ṣùgbọ́n kò lè sọ bóyá ó tọ̀nà. Èkíní mọ ọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n kò dé oko rí.

Mo bi obìnrin náà bóyá ó lè kọ́ mi ní Faransé.

"Kí ló dé tí mi ò ní lè kọ́ ẹ? Orí oko la ó ti bẹ̀rẹ̀."

Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ márùn-ún ni mo ń fi irinṣẹ́ ìtumọ̀ kọ́ lóòjọ́. Bí obìnrin náà bá ti dé, mo ń sọ wọ́n sí i létí, ó ń tún ahọ́n mi ṣe. Kò pẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ fi mú àwọn oníṣòwò mìíràn wá bá mi.

Ó ti ṣe díẹ̀ báyìí. Iṣẹ́ yìí ni mo fi ń jẹun, mo sì ń bá àwọn ará Kútọnu sọ̀rọ̀ láìsí ògbufọ̀. Bí mo bá rántí ọmọbìnrin tí mo jẹ́ nígbà náà, tó gbé èdè tí kò gbọ́ síta, àánú rẹ̀ máa ń ṣe mí, ẹ̀rín rẹ̀ sì máa ń pa mí. Mo dúpẹ́ pé ẹni tó kọ́kọ́ kà á jẹ́ ẹni tó lè rẹ́rìn-ín, tó sì tún ní sùúrù láti kọ́ni.