Ìwé Orúkọ Èrò Ọkọ̀ Èjìgbò

Òórùn ọkọ̀ yẹn ló kọ́kọ́ máa ń padà sí mi nímú tí mo bá rántí ìgbà tí Mojí wà ní kékeré. Epo dísù ni, àti èèpo ọsàn, àti àtíékẹ́ tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe, tó ti sùn mọ́jú nínú ọ̀rá, àti pọ́dà tí àwọn abiyamọ fi ń ra ọmọ wọn lọ́rùn. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ ti wọ ọkọ̀ láti Abidjan lọ sí Èjìgbò rí, ẹ mọ èyí tí mò ń sọ. Ó máa ń bá èèyàn délé ni. Ẹ ó fọ aṣọ tẹ́ ẹ wọ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó kúrò lára rẹ̀.

Ọmọ ọmọ mi ni Mojí. Òun náà ló jókòó síwájú mi yìí tó ń kọ ohun tí mò ń sọ, torí pé èmi ò kàwé. Ó ní kí n sọ bí mo ṣe dàgbà. Mo ní tirẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ sọ, ibẹ̀ la ó ti dé orí tèmi.

Ní deux mille quatre, ìyẹn ọdún 2004, bí àwọn ọmọ ṣe ń ka ọdún ní Abidjan níbí, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Gonzagueville là ń gbé, níbi tí iyọ̀ òkun ti ń jẹ páànù òrùlé títí táá fi lu. Mò ń dín àlókò, ìyẹn dòdò, létí títì níwájú ilé wa. Láàárọ̀, bí mo bá ti ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀, Mojí á jáde nínú aṣọ iléèwé rẹ̀, búlúù òun funfun, á ti fi omi tẹ irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, ìwé rẹ̀ á wà láyà bíi pé ẹnì kan fẹ́ gbà á. Ó mọ ìwé kọ. Tíṣà rẹ̀ máa ń gbé ìwé rẹ̀ kiri kíláàsì pé káwọn yòókù wá wo bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Yorùbá ni kò jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò sí èyí tí kò yé e, ṣùgbọ́n tí mo bá ní kó wá jẹun, èsì tí mo máa gbọ́ ni "J'arrive, Mémé," ìyẹn "Mò ń bọ̀, Ìyá Àgbà."

Ọdún yẹn, ara ìlú ò balẹ̀. Iléèwé á ṣí lónìí, á tì lọ́la. Sadé ọmọ mi, ìyẹn ìyá Mojí, òun àti ọkọ rẹ̀ bá jókòó, wọ́n ní kí ọmọ náà máa lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi ní Èjìgbò títí nǹkan á fi rọlẹ̀. Kò sẹ́ni tó fẹ́ sọ fún un. Sadé ní òun ò lè wo ojú ẹkún rẹ̀. Èmi ni wọ́n wá gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́, mo sì ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Mo sọ fún un pé a fẹ́ lọ kí àbúrò mi, ọ̀sẹ̀ méjì péré, a ó sì jọ padà. Inú rẹ̀ dùn. Ó kó bàtà Sunday rẹ̀ sínú àpò. Ìwé ọkọ̀ tí wọ́n rà fún mi, ti àlọ àti àbọ̀ ni. Ti Mojí, àlọ nìkan ni. Mo ká méjèèjì pọ̀, mo so wọ́n mọ́ etí ìró mi, mi ò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn mẹ́ta ló ń bójú tó ọkọ̀ náà. Bàbá Rọ́ṣídì ni awakọ̀ àgbà, ọmọ Èjìgbò bíi tèmi, ó ti ń rin ọ̀nà yẹn kí n tó bí Sadé. Bó bá ti jókòó, á bọ́ bàtà rẹ̀ sábẹ́ àga, ẹsẹ̀ lásán ló fi ń wakọ̀. Kì í sọ̀ kalẹ̀ ní bodè kankan. Ó ní bí òun bá sọ̀ kalẹ̀, ọkọ̀ náà á máa wá òun. Làmídì ni awakọ̀ kejì tó ń gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lóru. Ọ̀dọ́kùnrin ni, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, èdè àwọn ọmọ ìgboro Abidjan ló kún ibẹ̀. Ẹni kẹta ni wọ́n ń pè ní Ṣẹ́fù. Òun ló ń kó ìwé gbogbo èrò sínú àpò kan tó fi kọ́rùn, tí ń bá àwọn aṣọ́bodè sọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ Ṣẹ́fù ni kó kọ orúkọ gbogbo wa sínú ìwé kan fún bodè kọ̀ọ̀kan. Ghana ń gba tirẹ̀, Togo ń gba tirẹ̀, Benin àti Nàìjíríà bákan náà. Ìwé kan wà tí ọ́fíìsì ọkọ̀ ti fún un láti Abidjan, inú rẹ̀ ló ti máa ń wo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń kẹ́rù lọ́jọ́ náà, ilẹ̀kùn ibi ìkẹ́rù pa á lọ́wọ́ ọ̀tún, ìka méjì wú bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Nígbà tí a fẹ́ dé Noé, bodè Ghana, ó dìde láàárín ọkọ̀, ó ń béèrè ẹni tó mọ ìwé kọ. Oníṣòwò ló pọ̀ jù nínú wa. Kálukú bá ń wo ojú fèrèsé. Àfi Mojí tó nàka sókè, tó ń ta á pàpà bí wọ́n ṣe ń ṣe níléèwé níbí, tó ń pe "Moi, tonton, moi, moi," pé òun nìyí.

Bó ṣe di ẹni tó mọ àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ nìyẹn. Wọ́n gbé e jókòó sórí ẹ́ńjìnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, wọ́n fi pátákó kan sí i lórí ẹsẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Tí orúkọ kan kò bá yé e, á dìde, á lọ bá olórúkọ náà lórí ìjókòó rẹ̀, á sì bi í ní Yorùbá, bó ti wù kó ṣe rí. Mò ń gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn. Ọmọ tí kì í dá mi lóhùn ní Yorùbá nílé ló ń bi àwọn bàbá pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ta ni orúkọ bàbá yín?" Làmídì ní òun ti gba sẹkirétérì, kí Ṣẹ́fù lọ máa wá iṣẹ́ mìíràn. Ó ní, "La go yìí mọ̀wé ju gbogbo bùrọ́ọ̀ wa lọ," ìyẹn ni pé ọmọbìnrin náà mọ̀wé ju gbogbo ọ́fíìsì wọn lọ. Bàbá Rọ́ṣídì ń bó ọsàn fún un láìbojú wẹ̀yìn. Mojí ń bi bàbá náà lọ́rọ̀ ní Faransé, bàbá náà ń fèsì ní Yorùbá, kò sí ẹni tó ṣìnà nínú wọn. Ó fẹ́ mọ ìdí tí kò fi wọ bàtà. Bàbá ní ẹsẹ̀ òun ló ń gbọ́ ohun tí ọkọ̀ ń sọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti kọ mẹ́ta tán. Wọ́n ní kó fi ti Nàìjíríà sílẹ̀ di àárọ̀.

Ní gbogbo òru náà, mi ò sùn. Orí ẹ́ńjìnì yẹn ni Mojí sùn sí, wọ́n fi aṣọ Bàbá Rọ́ṣídì bò ó. Bàbá náà wá sọ́dọ̀ mi nígbà tí Làmídì gba ọkọ̀, ó rọra bi mí bóyá a máa pẹ́ nílé. Mo ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ní kò burú, òun á fi ìjókòó sílẹ̀ fún àwa méjèèjì nígbà tí òun bá ń padà. Mo ṣe bí ẹni tó ń tún gèlè ṣe.

Lọ́jọ́ kejì lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ ti tán ni mo tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Aflao, bodè Togo, láàárọ̀ yẹn, Làmídì fúnra rẹ̀ ló jẹ́wọ́ fún mi. Níbi tí wọ́n ti ń bọ́jú, Mojí mú ìwé ọ́fíìsì yẹn lọ bá a. Ó ti rí i pé lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ mi, wọ́n kọ retour, ìyẹn àbọ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, kò sí. Ó béèrè ohun tó fà á. Làmídì ò mọ̀ pé irọ́ kan wà nílẹ̀. Ó fi í ṣe ẹ̀fẹ̀, ó ní ẹni tí kò ní retour ti di ọmọ ilé nìyẹn, wọ́n á kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gúnyán, wọ́n á fọ́kọ fún un. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó padà sórí ẹ́ńjìnì, ó kọ ìwé kẹrin. Mo rí i pé kò sọ̀rọ̀ mọ́. Mo rò pé oorun ni.

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí a dé Sẹ̀mẹ̀. Aṣọ́bodè kan wọlé, ó ka orí wa, ó wo ìwé, ó tún kà. A jẹ́ mẹ́rìnlélógójì, orúkọ mẹ́tàlélógójì ló wà nínú ìwé. Ó ní kí gbogbo èrò bọ́ sílẹ̀. Ó ń pe orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá jẹ́ ẹ á kọjá sábẹ́ igi kan tó ní ibòòji. Wọ́n pe tèmi, mo kọjá. Mo dúró kí Mojí tẹ̀ lé mi. Wọ́n pe gbogbo èèyàn tán, òun nìkan ló ṣẹ́kù nínú oòrùn, bíìkì tó fi ń kọ̀wé ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo sáré lọ bá a. Aṣọ́bodè náà dá mi dúró. Ó bi mí ta ni ọmọ náà. Mo ní ọmọ ọmọ mi ni. Ó wá yíjú sí i, ó fi Yorùbá bi í bóyá ìyá rẹ̀ àgbà nìyí lóòótọ́. Mojí ń wo ilẹ̀. Ó tún bi í. Kò fọhùn. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí wọ́n ń pe àgbàlagbà tí wọ́n bá bá ọmọ tí kò lórúkọ lọ́wọ́ rẹ̀ ní bodè. Àwọn obìnrin abẹ́ igi ti ń wò mí bíi pé wọn ò bá mi jẹun lálẹ́ àná. Ká sọ tòótọ́, ó ṣe mí bíi kí n gbá a létí.

Bàbá Rọ́ṣídì ló sọ̀ kalẹ̀. Ẹsẹ̀ lásán ló fi tẹ yanrìn gbígbóná yẹn, ó lọ lóṣòó síwájú ọmọ náà, wọ́n sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ìgbà tó dìde, kò lọ bá aṣọ́bodè, èmi ló wá bá.

Ó ní, "Ìyá Sadé, ọmọ yìí ló yọ orúkọ ara rẹ̀. Ó ní òun ò ní retour. Ẹ sọ òótọ́ fún un níbí yìí. Èmi ò ní gbé e kọjá láìjẹ́ bẹ́ẹ̀."

Mo fẹ́ bínú sí i. Ta ló fi ọ̀rọ̀ ilé wa lọ̀ ọ́? Ṣùgbọ́n bí mo ṣe wo ọmọ náà, ara mi ni mo rí. Bí wọ́n ṣe mú èmi náà wá sí Abidjan nìyẹn, nígbà tí mo tó bíi tirẹ̀. Àbúrò bàbá mi ló ní kí n wá bá òun gbé ọmọ dé Abidjan, pé tí ọmọ náà bá ti rìn, a ó padà. Ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù la wà, lórí àpò iṣu. Ọmọ náà rìn, ó sáré, ó gbé ìyàwó, mi ò padà. Mi ò bi wọ́n, wọn ò sì sọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe mú púpọ̀ nínú wa dé ibí, mo sì rò pé ó ti tán lára mi.

Mo bá jókòó sílẹ̀ nínú yanrìn. Mo sọ fún un pé irọ́ ni mo pa. Mo ní ìyá rẹ̀ mọ̀, bàbá rẹ̀ mọ̀, pé a fẹ́ fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ àbúrò mi, mi ò sì mọ ìgbà tí a máa wá mú un. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò pariwo.

Ohun tó bi mí, kò bi mí ní Faransé. Ó ní, "Ìwọ ńkọ́, Mémé? Ìwọ máa padà?"

Mi ò tíì rò ó rí pé ẹnì kan lè bi mí bẹ́ẹ̀. Mo rántí àdògán mi, àwọn oníbàárà mi, ibi tí mo fi ọdún púpọ̀ dúró létí títì. Mo pe Ṣẹ́fù. Mo ní kó gbé ìwé ọ́fíìsì yẹn wá, kó fún ọmọ náà, kí ó pa retour tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ mi rẹ́. Ṣẹ́fù wò mí, ó ní, "Màmá, wọn ò ní dá owó rẹ̀ padà fún yín o." Mo ní mo gbọ́. Mojí fi bíìkì fa ìlà sí i, ó fà á lẹ́ẹ̀mejì kó lè dá a lójú. Lẹ́yìn náà ló gba ìwé ti Nàìjíríà lọ́wọ́ aṣọ́bodè, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, ó dá a padà fún un. Ìgbà yẹn ló wá wí fún un pé "Mémé mi ni."

Ọdún méjì ni mo bá a gbé ní Èjìgbò kí a tó jọ padà wá sí Abidjan. Ẹlòmíràn gba ibi tí mo ti ń dín àlókò, mi ò rí i gbà padà títí di òní, ọjọ́ míì sì wà tí mo kábàámọ̀ rẹ̀. Mi ò ní purọ́ ìyẹn náà. Gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá wọ̀lú, Bàbá Rọ́ṣídì á rìn dé ilé wa, á bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, á jẹ́ iṣẹ́ tí Sadé rán. Làmídì á gbé búrẹ́dì Abidjan wá fún sẹkirétérì rẹ̀. Àwọn ọmọ àdúgbò ń fi Yorùbá rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ títí tó fi gbọ́n jù wọ́n lọ nínú rẹ̀.

Ó ti bímọ báyìí, ọmọ rẹ̀ ti wọ iléèwé. Níjọ́sí, ó ń gbé ọmọ náà lọ gba abẹ́rẹ́. Mo ní kó sọ fún un pé bisikíìtì ni wọ́n fẹ́ lọ rà. Ó bẹ̀rẹ̀ síwájú ọmọ náà, ó ní abẹ́rẹ́ ni, ó máa dùn ọ́, mo máa di ọwọ́ rẹ mú. Ọmọ náà ké láti ilé títí dé hópítà. Mo ní ṣó o rí i báyìí, ó ní òun rí i.

Mojí kékeré, ìdákẹ́ ló fi bá mi jà. Èyí tó wà níwájú mi yìí máa ń béèrè, á sì dúró gba èsì. Nígbà tí a kọ ọ́ dé ibi aṣọ́bodè yẹn lánàá, ó gbé bíìkì sílẹ̀. Ó ní ká ní òun kọ orúkọ òun bí wọ́n ṣe ní kí òun kọ ọ́, ṣé mo máa fi òun sílẹ̀ lóòótọ́, kí n wọkọ̀ padà? Mo lè sọ pé rárá. Ta ló máa já irọ́ mi?

Mo ní kó kọ ọ́ pé bẹ́ẹ̀ ni, ǹ bá ti fi í sílẹ̀. Ó kọ ọ́. Ó ní òun ti mọ̀.