Ọjọ́ Tí Dáúdà Gbé Ṣọ́bìrì Sílẹ̀

Bí ẹ bá pàdé Dáúdà lọ́dún 1964, ẹ ò ní bèèrè iṣẹ́ tó ń ṣe. Ojú rẹ̀ tó dúdú fún èédú á ti sọ fún yín. Adáná ni lórí ọkọ̀ rélùwéè. Òun ló ń fi ṣọ́bìrì da èédú Enúgu sínú iná kí omi lè hó, kí ooru omi náà sì ti ọkọ̀ lọ. A jọ ń gbé ilé kan ní Òṣòdì ni, mo sì mọ̀ pé ó máa ń yangàn ju dírẹ́bà lọ.

Ìròyìn wá dé pé ọkọ̀ tó ń mu dísẹ́ẹ̀lì ń bọ̀. Ìyẹn ò nílò adáná, igbákejì dírẹ́bà ló nílò. Nínú àwọn adáná mẹ́fà, ẹnì kan péré ni wọ́n máa mú. Jìnnìjìnnì bo Dáúdà. Kò mọ iṣẹ́ mìíràn, kò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n.

“Bàbá Múrí, ẹ wá bá mi ta igi ìdáná,” ni Tàwàkálítù ìyàwó rẹ̀ fi ń dá a lára yá. “Gbogbo Ìsọlọ̀ ló ń rà á.”

“Ìyá Múrí, wọ́n ti fẹ́ máa fi omi odò ṣe iná mànàmáná ní Kainji, ìwọ ń sọ igi!”

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni ìdánwò tí wọ́n máa fi mú ẹni náà nídìí ọkọ̀ tuntun, ṣùgbọ́n aago márùn-ún ni Dáúdà ti débẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́bìrì, torí ọkọ̀ èédú kì í gbéra àfi tí iná rẹ̀ bá ti jó fún wákàtí mélòó kan. Ó yí ọkọ̀ tuntun po lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ń wá ilẹ̀kùn iná tí wọ́n ń da èédú gbà. Ibẹ̀ ni àwọn yòókù bá a. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ká má purọ́, ká ní mo wà níbẹ̀, èmi náà ì bá rín in.

Ọ̀gá rélùwéè tó ń ṣe ìdánwò bi wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan pé kí ló ń ti ọkọ̀ náà lọ. Àwọn márùn-ún ní dísẹ́ẹ̀lì ni. Ó kan Dáúdà.

“Iná ni, sà. Igi ni ìyàwó mi fi ń dáná tiẹ̀, èédú ni mo fi ń dá tèmi, kẹrosíìnì ni àtùpà wa ń mu. Dísẹ́ẹ̀lì náà, ó gbọ́dọ̀ jó níbì kan nínú ọkọ̀ yìí. Ibẹ̀ ni mo ń wá látàárọ̀.”

Ọ̀gá wò ó dáadáa. “Gbé ṣọ́bìrì yẹn sílẹ̀, kó o gòkè wá.”

Ilé wa dùn lọ́jọ́ náà. Tàwàkálítù jó débi pé gèlè rẹ̀ já bọ́.

Lọ́sẹ̀ kejì, iṣẹ́ àkọ́kọ́ dé: kí wọ́n fi ọkọ̀ tuntun wọ́ ọkọ̀ èédú kan lọ sí Èbúté Mẹ́ta, kí wọ́n tú u palẹ̀. Èyí tí Dáúdà fi ọdún mọ́kànlá dáná fún ni. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn iná rẹ̀. Wọ́n ti gbá inú rẹ̀ mọ́, eérú pàápàá ò sí níbẹ̀. Dáúdà sunkún níwájú gbogbo òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀, kò sì fi pa mọ́. Lẹ́yìn náà ló so ọkọ̀ méjèèjì pọ̀ fúnra rẹ̀, ó sì juwọ́ sí dírẹ́bà pé kó máa lọ.