Owo Tí Kò Lámì

Ọjọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ni wọ́n fún mi láti máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka òwò ní lítíréṣọ̀ Yorùbá, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa n'Íjẹ̀bú-Òde, ní nǹkan bí ọdún 1986. Ìdajì wọn a máa tòògbé, èmi tí mo ń kọ́ wọn náà kò sàn jù wọ́n lọ.

Ọ̀gá ẹ̀ka wọn wá kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì pé kí wọ́n yọ iṣẹ́ tí mò ń kọ́ wọn kúrò. Ta ló ń fi ìtàn àti ewì tajà? Ká sòótọ́, ó ti rẹ̀ mí débi pé ó kù díẹ̀ kí n bá a fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n mo gbà pé ẹni tí yóò bá èèyàn dòwò pọ̀ gbọ́dọ̀ mọ èèyàn, mo sì fi ọwọ́ kọ èsì tèmi ní Yorùbá, láìfi àmì kankan sí i.

Mo gbé e fún ọmọbìnrin kan láti Odògbolú, akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka òwò kan náà, kó bá mi tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ìgbà náà kò ní àmì Yorùbá. Téèyàn bá tẹ̀wé tán, á tún mú báírò, á máa fi àmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní kó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu.

Nígbà tó mú un dé, gbogbo ọ̀rọ̀ ló ti lámì, àfi ẹyọ kan. Gbólóhùn náà ni: Owo ni a fẹ́ kí wọ́n ní kí wọ́n tó kúrò lọ́dọ̀ wa.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé òwò ni àbí ọ̀wọ̀?"

Mo wò ó títí, n kò rántí èyí tí mo ní lọ́kàn. Mo bi í pé èwo ló tọ́ lójú tirẹ̀.

"Méjèèjì ni mo rò pé ẹ ń sọ, sà. Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Ó pẹ́ tí inú mi ti dùn tó bẹ́ẹ̀. A fi í sílẹ̀.

Níbi ìpàdé, alága kà á sétígbọ̀ọ́ gbogbo wa. Nígbà tó débẹ̀, "owó" ló pè é. Ó gbójú sókè wò mí, ó ní, "Ọmọ Ìjẹ̀bú gidi lẹ jẹ́."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mo lè dìde ṣàlàyé, kò ní gbà tó ìṣẹ́jú kan. Ó kàn rẹ̀ mí ni. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n sì yọ iṣẹ́ náà.

Ọmọbìnrin yẹn ti ń dúró dè mí níta. Ó bi mí bóyá mo sọ fún wọn pé a mọ̀ọ́mọ̀ fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ ni.

Mo ní mo sọ. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.