Àpáàdì Mọ́kànlá

Òórùn yíǹkì ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Bébà ètò ẹ̀kọ́ tí wọ́n pín fún wa ní yunifásítì lọ́dún yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rọnéò jáde ni, ó ń ta sánsán, tí o bá fọwọ́ kàn án, ọwọ́ rẹ á di aláró. Mo ká a sí mẹ́rin, mo fi ọ̀rá wé e kí òjò má bàa bà á jẹ́, mo sì gbé e dé oko ní Idigny, níbi tí òórùn ilẹ̀ tútù àti ti ewé iṣu ti borí tirẹ̀. Ìwọ tí a jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà lo bi mí lọ́jọ́sí pé kí ló dé tí mo fi gbé ètò kan lọ sílé ní ìsinmi, tí mo sì gbé òmíràn bọ̀. O ní o ti gbà tipẹ́ pé ọkùnrin kan ló yí mi lórí. Irọ́ kọ́, ọkùnrin ni, àmọ́ ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún nígbà náà, kò mọ̀ ọ́n kọ, kò mọ̀ ọ́n kà, àbúrò bàbá mi sì ni.

Ìwọ náà rántí bí nǹkan ṣe rí. Ọdún kìíní, gbogbo wa la jọ ń kọ́ ohun kan náà nípa ohun abẹ̀mí. Láti wọ ọdún kejì, ó di dandan kí kálukú yan apá kan: apá ẹranko àti ara ènìyàn, tàbí apá ewéko àti ilẹ̀. Bí ìwọ àti bàbá rẹ bá ti fọwọ́ sí i, ó parí nìyẹn, kò sí àyípadà títí tí wàá fi gba ìwé ẹ̀rí. Apá kìíní ló ń lọ sí ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ọsibítù. Ní ti apá kejì, ṣebí àwa la máa ń fi àwọn tó yàn án ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọ́n gba ìwé ẹ̀rí bákì tán, wọ́n tún ń padà sídìí ọkọ́. Mo ti fi bíírò fàlà sábẹ́ gbogbo ẹ̀kọ́ apá kìíní, ìbuwọ́lù nìkan ló kù. Bàbá mi, tó ń ránṣọ ní Kétu, ò tiẹ̀ dúró de ìbuwọ́lù. Ó ti rán kóòtù funfun fún mi, ó gbé e kọ́ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù, ó sì ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wá wọn ṣòkòtò pé, “Ti dókítà nìyẹn o!” N kò rí i pé dókítà kọ́ ni mo máa dà sọ fún un.

Ayé ìjọba Ẹ̀húzù, ìjọba àyípadà àwọn ológun, la wà, tí rédíò ń pariwo pé ká gbẹ́kẹ̀ lé agbára ara wa, tí wọ́n sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ lọ ran àgbẹ̀ lọ́wọ́ ní ìsinmi. Ni bàbá mi bá ní kí n lọ bá àbúrò òun lóko fún oṣù méjì. Bàbá Oko là ń pe ọkùnrin náà. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àwọn ará abúlé sì máa ń fi ṣe ẹlẹ́yà pé ó ń ṣe ọ̀rẹ́ pẹ̀lú igbó. Oko rẹ̀ tóbi, àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti iṣu wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ. Àmọ́ ní ìpẹ̀kun oko, lẹ́bàá igbó, ebè méjìlá kan wà tó dá wà lọ́tọ̀. Kò sọ fún mi pé kí n má débẹ̀, kò sì sọ pé kí n débẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, délégúè, aṣojú ìjọba ní abúlé, pe ìpàdé, Bàbá Oko sì lọ. Èmi akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní kó tó dé, n óò ti fi iṣẹ́ kí i káàbọ̀. Mo gbé ọkọ́, mo lọ roko ìdí àwọn ebè méjìlá yẹn. Òjò ti wọ́ ẹ̀gbẹ́ wọn lulẹ̀ díẹ̀, ni mo bá rí etí àpáàdì kan tó yọ jáde. Mo fà á. Ó tóbi, ó tẹ́jú, abẹ́ iṣu gan-an ló wà. Mo yẹ ebè kejì wò, àpáàdì wà níbẹ̀. Ẹ̀kẹta náà ńkọ́? Bákan náà. Mo kọ háà. Ṣebí olùkọ́ wa ti kọ ọ́ sójú pátákó pé ìsàlẹ̀ ni gbòǹgbò ń wá, kí a má jẹ́ kí ohun líle dí i lọ́nà? Mo ní àwọn àgbẹ̀ wa mà kúkú ń jìyà àìmọ̀kan! Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wa àpáàdì. Mo ń wà á, mo ń kọrin, mo ń tún erùpẹ̀ dà padà, mo ń fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń tẹ́ ọmọ sórí ẹní. Nígbà tí mo wa ìkọkànlá tán, ebi wá ń pa mí gan-an, mo sì lọ yan àgbàdo jẹ.

Ẹnu àgbàdo náà ni mo wà tí Bàbá Oko fi dé. Ó rí òkìtì àpáàdì lójú ọ̀nà, ó sì dúró.

“Ta ló wú wọn?”

“Èmi ni, Bàbá. Wọ́n ń dí iṣu lọ́nà ni.”

Kò jágbe mọ́ mi. Ó rọra jókòó sórí ilẹ̀ tútù bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú aṣọ tó wọ̀ lọ sí ìpàdé, ó mú àpáàdì kan, ó ń fi àtàǹpàkò nu erùpẹ̀ ara rẹ̀.

“Ó ku mélòó?”

“Ó ku ọ̀kan.”

“Kí ló dá ọ dúró?”

“Ebi ni, Bàbá.”

Ó bú sẹ́rìn-ín. Mo kọ́kọ́ rò pé ọ̀rọ̀ ti tán, àfi ìgbà tí mo rí omi lójú rẹ̀. “Ebi, o ṣeun,” ló wí, ó sì dìde. “Ó yá, tẹ̀ lé mi.”

Inú igbó ló mú mi wọ̀. Ó fi ìtàkùn kan hàn mí tó ń gun igi lọ sókè, ó ní kí n fọwọ́ kàn án. Mo fọwọ́ kàn án, ẹ̀gún sì gún mi lọ́wọ́ títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ. Ó ní iṣu ni. Iṣu igbó ni, ó tín-ín-rín bí ọ̀pá arúgbó, ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ló máa ń sá lọ, ènìyàn lè gbẹ́lẹ̀ títí ihò yóò fi gbé e mì kó tó rí ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló mú mi padà wá sí etí oko, níbi tí ebè bíi mẹ́ta wà tí n kò tilẹ̀ kíyè sí. Ó ní ìyẹn, inú igbó ló ti wú u lọ́dún tó kọjá. Mo fọwọ́ kàn án, ẹ̀gún ṣì wà, àmọ́ kò mú tó ti àkọ́kọ́. Ó tún mú mi dé ìdí òmíràn tó ti lo ọdún méjì lóko. Ẹ̀gún rẹ̀ ti fọ́nká. Nígbẹ̀yìn-gbẹ́yín, a dé ìdí àwọn ebè méjìlá, tí wọ́n ti wà lọ́dún kẹrin. Mo fa ìtàkùn wọn gba inú àtẹ́lẹwọ́ mi láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ó ń dán, kò sí ẹ̀gún kan ṣoṣo.

“Mo fi àpáàdì sábẹ́ rẹ̀ kó má sá lọ mọ́,” ó wí. “Tí kò bá rí ìsàlẹ̀ lọ, á sanra. Èyí tó bá sanra jù ni mò ń mú orí rẹ̀ gbìn lọ́dún kejì. Ọdún yìí ló yẹ kí n gbé e han àwọn àgbà.”

“Ṣé a ò lè dá àpáàdì náà padà, Bàbá?”

“Èyí tó ti mọ̀nà? Ó ti lọ nìyẹn.”

Ọ̀rẹ́ mi, ojú tì mí, ṣùgbọ́n ìtìjú nìkan kọ́ ló mú mi dúró síbẹ̀ bí igi. Ẹ̀rù bà mí, irú ẹ̀rù tó máa ń ba ènìyàn tó bá ṣèèṣì wọ ibi ọ̀wọ̀ láìbọ́ bàtà. Ìwọ náà gbọ́ ohun tí olùkọ́ wa sọ, pé àwọn ènìyàn àtijọ́ tí a ò mọ orúkọ wọn ló mú irúgbìn inú igbó wá sílé, ní ayé tí ẹnikẹ́ni ò sí níbẹ̀ láti ròyìn. Ọ̀kan nínú àwọn ènìyàn àtijọ́ náà ló dúró níwájú mi yìí, ó wọ bàtà rọ́bà, ó ń fi ìkòkò fífọ́ yí ohun abẹ̀mí padà lójú mi. Àwa tí à ń pe ara wa ní akọ́wé sì ti kọjá lára irú rẹ̀ lọ́nà oko láìmọye ìgbà, “Ẹ kú iṣẹ́ o” nìkan la máa ń sọ.

Lọ́jọ́ kejì, ó ní kí n ka bébà mi fún òun. Mo ń kà á, mo ń túmọ̀ rẹ̀: ẹ̀jẹ̀, egungun, kòkòrò inú omi. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó bi mí pé, “Èwo ni wọ́n ti ń kọ́ ìwà iṣu níbẹ̀?” Mo tún yẹ bébà náà wò. Ẹ̀kọ́ bí àbùdá ṣe ń ti ara òbí dé ara ọmọ irúgbìn wà níbẹ̀, ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ náà wà, àmọ́ apá kejì ni gbogbo wọn wà, níbi tí n kò fàlà sí. Mo ní, “Kò sí nínú èyí tí mo yàn, Bàbá.” Ó ní, “Ẹn-ẹ́n,” ó sì gbé ọkọ́ rẹ̀.

Nígbà tí iṣu tuntun dé, ó pe àwọn àgbà. Ebè kan tí ebi gbà là ni wọ́n kọ́kọ́ wà. Iṣu náà jáde, ó gùn tó apá mi, ó ki pọ́pọ́, ara rẹ̀ ń dán. Wọ́n tún wa ọ̀kan nínú àwọn mọ́kànlá, wọ́n gbẹ́lẹ̀ títí, ohun tí wọ́n fà jáde ò ju okùn lọ. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ní kí ló ṣe èyí. Bàbá Oko ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, kò fẹ́ tú mi fó. Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Èmi ni mo wú àpáàdì wọn, ẹ̀yin bàbá. Mo rò pé mo mọ̀ ọ́n.” Ẹ̀rín tí wọ́n rín kọjá kékeré. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó mú iṣu tuntun wá kì í sọ ọ́ lórúkọ, ẹni tó bá kọ́kọ́ tọ́ ọ wò ní ń sọ ọ́. Ìyá àgbà kan ló kọ́kọ́ bù ú sẹ́nu. Ó jẹ ẹ́, ó pọ́nu lá, ó tẹjú mọ́ mi, ó ní, “Akọ́wé-kò-mọ̀.” Bí orúkọ náà ṣe mọ́ ọn lórí nìyẹn.

Mo gbé ègé iṣu yẹn kan lọ bá bàbá mi ní Kétu, èmi pẹ̀lú bébà tí mo ti pa gbogbo ìlà rẹ̀ rẹ́, tí mo sì fa òmíràn. Mo rò fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó gbójú sókè wo kóòtù funfun tó wà lára ògiri.

“Aṣọ yìí ńkọ́?”

“N óò wọ̀ ọ́, Bàbá. Àmọ́ á máa dọ̀tí o.”

Ó wá ní, “Ọṣẹ ò wọ́n,” ó sì gba bíírò lọ́wọ́ mi.

Ó ti pẹ́. Bàbá Oko ti lọ, bàbá mi náà ti tẹ̀ lé e, èmi sì ti di olùkọ́ ní yunifásítì, ẹni tí àwọn ọmọdé ń gbé ètò ẹ̀kọ́ wọn wá bá kó buwọ́ lù ú. Lọ́dún tó kọjá, mo dé ọjà Kétu, mo gbọ́ tí ọmọbìnrin kan ń polówó: “Akọ́wé-kò-mọ̀ rèé o, ó funfun, kò korò!” Mo yà sídìí àtẹ rẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé tí wọ́n fi ń pe iṣu náà bẹ́ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Wọ́n ní akọ́wé kan báyìí ló fẹ́ bà á jẹ́ láyé àtijọ́, màmá.” Mo ní òótọ́ ni, mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Mo tún bi í pé ta ló wá mú un jáde nínú igbó? Ó wò mí bí ẹni pé orí mi yí. Ó ní iṣu ni o, màmá, ibo ni ènìyàn tún ti ń mú un, ṣebí ó ti wà bẹ́ẹ̀ látilẹ̀ ni.

Mo ra mẹ́rin. Mo gbé wọn relé, mo sì sunkún lórí wọn, n kò purọ́ fún ọ. Àṣìṣe mi ti lórúkọ, ọjà ń polówó rẹ̀, ẹni tó mọ iṣẹ́ náà ò sì lórúkọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, ọmọ tó bá gbé ètò ẹ̀kọ́ wá fún mi báyìí, yálà apá ẹranko ló yàn ni tàbí apá ewéko, n kì í tètè mú bíírò. N óò kọ́kọ́ ní kó jókòó. N óò sọ orúkọ Bàbá Oko fún un, orúkọ rẹ̀ gan-an tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, n óò sì ní kó pè é kí n gbọ́, kí n tó fọwọ́ sí i.